Dídá fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Santiago létí òkun: ìtọ́sọ́nà fún ará Abẹ́òkúta

Ọ̀nà kan bẹ̀rẹ̀ níwájú kàtídírà ìlú Porto ní ilẹ̀ Pọ́túgà. Etí òkun Àtìláńtíìkì ló ń gbà lọ sí àríwá, ó dá odò Minho kọjá bọ́ sí Sípéènì, ó sì parí sí Santiago de Compostela, ìlú tí ìjọ Kátólíìkì gbà pé ibojì Jákọ́bù ọmọ Sébédè, àpọ́sítélì Jésù, wà. Ó tó 270 sí 280 kìlómítà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, tó padà sílé, tó tún gbéra lọ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kejì, kò tíì rìn tó o.

Ìrìn-àjò mímọ́ tí àwa mọ̀, ẹgbẹ́ la fi ń lọ. Ẹnì kan á kó ìwé gbogbo wa jọ, ẹnì kan á máa ka orí wa ní pápákọ̀ òfurufú, a ó sì jọ wọ ankárá kan náà. Kò sí ìyẹn níbí. Ìwọ nìkan lo máa mọ ìgbà tó yẹ kí o dúró, ibi tí o máa sùn, àti bóyá ìrora orúnkún yẹn tó ohun tí èèyàn ń fojú fò. Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ jù nìyí: ṣe ìpinnu tó le nílé, kí ara rẹ tó rẹ̀. Ẹni tó ti rin 20 kìlómítà nínú afẹ́fẹ́ òkun, tí ebi sì ń pa, kì í ronú dáadáa.

Ìwé ni kí o fi bẹ̀rẹ̀

Kọ́kọ́ mú oṣù. Oṣù Karùn-ún, Kẹfà àti Kẹsàn-án ló dáa jù. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, àwọn tó wá ṣe fàájì létí òkun á ti gba ilé ìsùn mọ́ ọ lọ́wọ́. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta, òjò Galicia, àgbègbè Sípéènì tí Santiago wà, kì í ṣe eré, ọ̀pọ̀ ilé ìsùn sì máa ń ti ilẹ̀kùn. Ọdún tí 25 oṣù Keje, ọjọ́ àjọ̀dún Jákọ́bù, bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pè ní ọdún mímọ́. 2021 jẹ́ ọ̀kan, 2027 ló tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ lò ń wá, fi ọdún mímọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn èrò.

Físà Schengen ni o nílò, owó rẹ̀ sì jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ó kéré tán, ó sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 15 kí o tó gbéra. Ẹni tó bá gbọ́n kò ní dúró de ọjọ́ 15 yẹn. Orílẹ̀-èdè tí o máa sun alẹ́ tó pọ̀ jù sí ni o máa kọ̀wé sí. Lórí ọ̀nà yìí, Sípéènì ló sábà ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Porto lo ti máa sọ̀ kalẹ̀. Jókòó ti kàlẹ́ńdà kí o ka alẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ti ibi tí o kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ìwé adójútòfò, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ìnṣọ́ránsì, gbọ́dọ̀ lè san ó kéré tán 30,000 yúrò fún ìtọ́jú àìsàn.

Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni ẹ̀rí ibi tí wọn yóò sùn. Ilé ìsùn ìjọba fún àwọn arìnrìn-àjò kì í gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ṣáájú, nítorí náà kò lè fún ọ ní ìwé kankan. Gba yàrá ní àwọn ilé aládàáni tó jẹ́ kí èèyàn lè fagi lé e láìsan owó, tò ó ní alẹ́ sí alẹ́, kí o sì fi lẹ́tà kúkúrú ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ lo fẹ́ fi rìn. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ sí Èkó fún ìwé, bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin ní Láderin, kí gósíló má fi àárọ̀ rẹ ṣòfò.

Abẹ́òkúta ni kí o fi kọ́ ẹsẹ̀

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé o fẹ́ lọ ló máa sọ pé kí o máa gun Olúmọ. Ó dáa, gùn ún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè ló máa pa ẹsẹ̀ rẹ ní etí òkun Pọ́túgà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó le, tí kò yí padà ni. Lórí òkè, iṣan kan á máa sinmi nígbà tí òmíràn ń ṣiṣẹ́. Lórí afárá pákó tó gùn lọ gbọọrọ, ibi kan náà ní àtẹ́lẹsẹ̀ lò ń tẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Gígùn ìrìn ni kí o kọ́, kì í ṣe gíga nìkan.

Fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, máa rin kìlómítà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, láìgbé ẹrù. Láti Kútọ̀ gba Ìsàbọ̀ àti Sápọ́n lọ sí Ìtòkú, kí o gun àtẹ̀gùn Olúmọ, kí o sọ̀ kalẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, sọ ti ọjọ́ Sátidé di 10 sí 12 kìlómítà. Ọ̀nà Àṣẹ̀rọ̀ sí Ọbáńtókò dáa fún ìyẹn. Láti ọ̀sẹ̀ keje, gbé àpò tí o máa gbé gan-an, pẹ̀lú ẹrù tó máa wà nínú rẹ̀, kí o rin 18 sí 20 kìlómítà ní Sátidé, kí o sì tún rin 12 ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ọjọ́ kejì yẹn ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́ láàárọ̀, tó sì tún gbà láti rìn, ni ìwọ̀n ohun tí o lè ṣe.

Tètè jáde, aago mẹ́fà àárọ̀, kí oòrùn àti ọ̀kadà tó gba ojú ọ̀nà. Dúró lórí ọ̀nà tí èèyàn ń gbà láàárín ìlú, má fi ọ̀nà ìgbẹ́ tó dá páropáro dánra wò. Kí o sì gba kámú: bí wọ́n bá rí ọ ní Pańṣẹ́kẹ̀ pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, tí ò ń làágùn, ojúlùmọ̀ á dúró, á ní kí o wọlé kí òun gbé ọ, àwọn mìíràn á rò pé owó ọkọ̀ ló wọ́n ọ. Dúpẹ́, kí o máa bá tìẹ lọ. Bí o kò bá lè kọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ní Abẹ́òkúta, o kò ní lè kọ bọ́ọ̀sì ní Viana do Castelo nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Ẹrù

Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ ọ̀nà ń lò ni pé kí àpò má ju ìdá mẹ́wàá ìwúwo ara rẹ lọ. Ẹni tó wọn 70 kílò, kílò méje ni tirẹ̀, omi wà nínú rẹ̀. Kó gbogbo ẹrù jọ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ̀n ọ́n, ìyàlẹ́nu á bá ọ. Ohun tí a sábà ń kó jù ni aṣọ. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì, ṣòkòtò méjì, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aṣọ òtútù kan, aṣọ òjò kan: ó tó. Lálẹ́ lálẹ́ lo máa fọ èyí tí o wọ̀.

Bàtà ni kí o náwó lé. Bàtà ìrìn tó fúyẹ́, tó fi bí ìdajì nọ́ńbà tàbí nọ́ńbà kan tóbi ju èyí tí ò ń wọ̀ lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Mi ò ní kí o má ra òkìríkà, ọ̀pọ̀ bàtà gidi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò: bí fóòmù inú bá ti kú, bàtà yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn. Ra á ní oṣù méjì ṣáájú, kí o sì fi í ṣe gbogbo ìrìn tí mo kà sókè yìí.

Fún ìléròrò, òrí ni mo gbà. Fi í pa ẹsẹ̀ láàárọ̀ kí o tó wọ ìbọ̀sẹ̀, ní pàtàkì àárín ọmọ ìka àti gìgísẹ̀. Ìgbàkúùgbà tí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú bàtà, dúró lójú ẹsẹ̀ kí o lẹ píláásítà mọ́ ọn. Má sọ pé o máa dé ìlú tó kàn ná.

Ra àdìrẹ ọ̀pá méjì tó fẹ́lẹ́ ní Ìtòkú. Òun ni aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, òun ni ìborùn, òun ni ìró tí o máa fi jáde ní balùwẹ̀ gbogboogbò. Fi àpò ìsùn tó fẹ́lẹ́ kún un, torí ilé ìsùn ìjọba kì í sábà fún èèyàn ní búláńkẹ́ẹ̀tì. Ṣájà fóònù wa, elẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò wọ ihò iná wọn. Olójú roboto méjì ni tiwọn, nítorí náà wá àdápútọ̀ dání. Ata gígún díẹ̀ nínú ọ̀rá tó dì pa, àti gàrí Ìjẹ̀bú fún ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá tì. Ṣùgbọ́n má gbé kílíṣí tàbí wàrà: wọn kì í jẹ́ kí a kó ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe wọ Yúróòpù láti ìta.

Oògùn ibà gbọ́dọ̀ wà nínú àpò náà. Ẹni tó kúrò ní Nàìjíríà lónìí lè ní ibà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nígbà tó ti wà lójú ọ̀nà, dókítà ibẹ̀ sì lè rò pé òtútù lásán ni. Bí ara rẹ bá ń gbóná, sọ fún wọn kí wọ́n tó bi ọ́ pé Nàìjíríà lo ti wá, kí o sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún ibà.

Ọ̀nà náà gan-an

Ní kàtídírà Porto, ra ìwé pélébé tí wọ́n ń pè ní credencial. Ibi tí o bá sùn, ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa lu òǹtẹ̀ sí i. Láìsí i, ilé ìsùn àwọn arìnrìn-àjò kò ní gbà ọ́.

Àmì ọ̀nà ni ọfà yẹ́lò àti ìkarahun òkun. Àlùfáà kan ní Galicia, Elías Valiña, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọfà yẹ́lò ní 1984, lórí ọ̀nà tó ti ilẹ̀ Faransé wá, kí ó tó tàn dé ibi gbogbo. Bí o bá rí ọfà búlúù ní Pọ́túgà, kì í ṣe tìrẹ. Fátima, ìlú ìrìn-àjò mímọ́ kan ní Pọ́túgà, ló ń júwe, gúúsù ló sì ń lọ. Àmì kan tún wà tí kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́: òkun gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òsì rẹ. Bó bá bọ́ sí ọ̀tún, Porto lò ń padà sí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ ọkọ̀ ojú irin ìlú láti Porto dé Matosinhos kí wọ́n má bàa rin kìlómítà mẹ́wàá láàárín ilé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Láti Matosinhos dé Vila do Conde jẹ́ nǹkan bíi 22 kìlómítà, afárá pákó lórí iyanrìn ló pọ̀ jù. Ọjọ́ yìí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ: ojú ọjọ́ dára, òkun rẹwà, ilẹ̀ tẹ́jú, wọ́n á sì rin àrìnjù. Dúró ní Vila do Conde. Ní ọjọ́ kejì, gba Póvoa de Varzim, ìlú àwọn apẹja, àti Apúlia, níbi tí àwọn ilé ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí wà lórí iyanrìn, dé Esposende. Ó tó 24. Láti ibẹ̀ dé Viana do Castelo jẹ́ 25, ọ̀nà náà á sì fi òkun sílẹ̀ wọ inú oko àti igbó. O máa gba orí afárá onírin ilé-iṣẹ́ Eiffel, tí wọ́n ṣí ní 1878, wọ Viana. Afẹ́fẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí fìlà lórí rẹ.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ àríwá ni afẹ́fẹ́ yẹn, àríwá náà lò sì ń lọ, nítorí náà ojú ló ti máa bá ọ. Ọ̀sán ló ń le jù. Ẹni tó bá gbéra ní aago mẹ́fà àbọ̀ tí ó sì parí ní aago kan ọ̀sán kò ní mọ̀ ọ́n lára. Nǹkan yìí lágbára ju bí ó ṣe ń dún létí lọ fún àwa tí ọyẹ́ ni òtútù tó le jù tí a mọ̀.

Viana dé Caminha jẹ́ 27. Caminha ni ìpinnu tó tóbi jù wà. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ń gbé èèyàn sọdá Minho sí A Guarda ní Sípéènì, kì í sì í lọ bí ìgbì bá le. Kọ ọ́ sínú ìwé kí o tó kúrò nílé: bí ọkọ̀ kò bá lọ, mo máa gba etí odò lọ sí Valença, kí n fẹsẹ̀ gba orí afárá wọ Tui, kí n sì máa bá ọ̀nà àárín lọ, ìyẹn ọ̀nà Santiago kejì tó gba inú ilẹ̀, tí kò gba etí òkun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 28 kìlómítà dé Valença. Ọkọ̀ ojú irin náà wà. Ẹni tí kò bá ti pinnu á jókòó sí etí omi ní ọjọ́ kan àbọ̀, á máa wo ojú ọ̀run.

Bí o bá ti sọdá, yí aago rẹ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago Pọ́túgà bá tiwa mu gẹ́lẹ́, ti Sípéènì sì fi wákàtí kan ṣáájú.

Láti A Guarda dé Oia, 14 péré, àti Oia dé Baiona, 18, ni mo kà sí ibi tó dáa jù ní gbogbo ọ̀nà náà. Òkúta dúdú, ìgbì funfun, kò sí èrò, àti ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ ní Oia tó kọjú sí òkun gbangba. Má pa méjèèjì pọ̀ di ọjọ́ kan nítorí pé wọ́n kúrú. Baiona ni ọkọ̀ Pinta gúnlẹ̀ sí ní 1 oṣù Kẹta 1493 pẹ̀lú ìròyìn ìrìn-àjò Columbus sí Amẹ́ríkà.

Baiona dé Vigo jẹ́ bíi 26. Vigo ni ìlú tó tóbi jù ní Galicia. Ó lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà láti ibẹ̀ dé Santiago, 100 yẹn ló sì kéré jù tí èèyàn lè rìn kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí ní Santiago, tó fi jẹ́ pé níbẹ̀ ni ẹni tí àyè ọjọ́ rẹ̀ kéré ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibí lọ, òǹtẹ̀ méjì lóòjọ́ ni kí o máa gbà sínú credencial rẹ. Ní Redondela, lẹ́yìn 16 kìlómítà, ọ̀nà etí òkun pàdé ọ̀nà àárín, ìdákẹ́jẹ́ sì parí. Òkè wà láàárín Redondela àti Pontevedra. Ibẹ̀ ni Olúmọ á ti sanwó rẹ. Lẹ́yìn náà Caldas de Reis, níbi tí omi gbígbóná ti ń tú láti inú ilẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ Padrón, ìlú ata wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń dín: òmíràn ta, òmíràn kò ta. Ará Abẹ́òkúta kò ní rí èyí tó ta nínú rẹ̀. Padrón dé Santiago, 25.

Ìwọ nìkan

Mú ẹnì kan ṣoṣo nílé, kì í ṣe gbogbo ẹbí, kí o sì bá a dá aago. Lójoojúmọ́, bí o bá dé ibi tí o máa sùn, fi orúkọ ìlú àti ti ilé náà ránṣẹ́ sí i. Kí ẹ jọ gbà pé bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ Nàìjíríà bá lù láìsí ọ̀rọ̀, kí ó pe ilé ìsùn náà. Kí ó má kọ́kọ́ pe Màmá. Bí o bá fi gbogbo ẹbí sínú rẹ̀, ìpè ni wàá máa gbà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnì kan á sì lá àlá. Káàdì fóònù kan tí o rà ní Porto á ṣiṣẹ́ ní Sípéènì náà. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní ilẹ̀ méjèèjì.

Pásípọ́ọ̀tù rẹ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ, kì í ṣe nínú àpò ẹ̀yìn. Gbogbo ilé ìsùn ló máa béèrè rẹ̀, ọlọ́pàá náà lè béèrè nítòsí ẹnubodè, èèyàn dúdú tó ń dá rìn sì máa ń gba ìbéèrè yẹn ju ẹlòmíràn lọ. Kí o rí i mú jáde ní wéré ló dáa.

Má dá wọ òkun lúwẹ̀ẹ́. Omi rẹ̀ tutù ju ti Èkó lọ, ó sì ń fa èèyàn. Bí àsíá bá pupa, má fẹsẹ̀ kàn án. Bó bá jẹ́ yẹ́lò, má lúwẹ̀ẹ́.

Fún àwọn obìnrin: ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń dá rin ọ̀nà yìí. Rìn ní ojúmọmọ, sùn níbi tí arìnrìn-àjò ń sùn, bí ẹnì kan bá ń tẹ̀ lé ọ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ ilé kọfí tó bá kàn kí o jókòó títí àwọn mìíràn á fi dé.

Sísùn àti jíjẹ

Ilé ìsùn ìjọba ní Galicia jẹ́ nǹkan bíi 10 yúrò, alẹ́ kan péré, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí bẹ́ẹ̀dì. Iná kú ní aago mẹ́wàá. Gbé mátírẹ́ẹ̀sì sókè kí o wo ìdí rẹ̀ fún ìdun kí o tó gbé àpò sórí rẹ̀. Ní Sípéènì, oúnjẹ ọ̀sán kì í tètè jáde, alẹ́ sì di aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, nítorí náà má jẹ́ kí búrẹ́dì àti ẹyin sísè wọ́n nínú àpò. Omi ẹ̀rọ ṣeé mu ní ilẹ̀ méjèèjì.

Ní Santiago

Má gbé àpò lọ sí kàtídírà, wọn kì í jẹ́ kí ó wọlé. Kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò ní Rúa das Carretas, kí o fi credencial rẹ hàn. Ìwé ẹ̀rí Compostela, ọ̀fẹ́ ni. Látìn ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Wọn kò ní béèrè bóyá Kátólíìkì ni ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ohun tó gbé ọ rìn. Ẹni tó bá ní eré ìdárayá lásán ni, ìwé mìíràn ló máa gbà. Kò sí ẹni tó máa fi JP kún orúkọ rẹ nítorí rẹ̀, jọ̀wọ́ má fi kún un fúnra rẹ.

Ìsìn àwọn arìnrìn-àjò wà ní aago méjìlá ọ̀sán. Àwo tùràrí ńlá, Botafumeiro, tó wúwo tó 53 kílò, tí ọkùnrin mẹ́jọ ń fi okùn fà, kì í fò lójoojúmọ́, nítorí náà má fi í ṣe ìdí ìrìn-àjò.

Bí ọjọ́ bá ṣẹ́ kù lórí físà, ọ̀nà mìíràn wà láti Santiago lọ sí Fisterra, nǹkan bíi 90 kìlómítà, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó parí sí etí òkun gan-an. Bí kò bá sí àyè, bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, òmíràn sì ń padà sí Porto fún ọkọ̀ òfurufú rẹ. Ra tíkẹ́ẹ̀tì ti Porto ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí ní ọjọ́ Àìkú ó máa ń tètè kún.